Àwo Òfìfo Tí O Dí

                                        Yàrá òkè,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìwádìí,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Onímọ́tótó,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, tó máa ń kó bàtà sínú garawa omi? Mo mọ̀ pé o ṣì ń nu àga kí o tó jókòó, nítorí náà mi ò bèèrè bí ilé ṣe rí. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa àtijọ́ ni. O rántí àwo méjèèjì. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ gbé lọ sójú ọ̀run, tó fi gba eruku ìràwọ̀ onírù, ìràwọ̀ tó ń fa ìrù ìmọ́lẹ̀ kọjá lójú ọ̀run, wá fún wa. Èkejì, òfìfo, kò kúrò nínú yàrá rí. Ìwọ lo fi téèpù dí i, tí o sì buwọ́ lù ú kí o tó fi wá sílẹ̀. Bí irú òkúta kan náà bá wà nínú méjèèjì, eruku yàrá wa ni, kì í ṣe ti ọ̀run.

O sì mọ ohun tí Ọ̀gá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá: pé òkúta wínníwínní aláwọ̀ ewé inú eruku náà, iná ló bí i, nítòsí oòrùn, nígbà tí oòrùn ṣì wà lọ́mọdé, tí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí kò tíì sí, pé nǹkan kan gbá a lọ sọ́nà jíjìn, ó sì lọ sùn sínú yìnyín ìràwọ̀ onírù. Lóṣù tó ń bọ̀ ló fẹ́ kéde rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àwo òfìfo sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò. Téèpù rẹ kò ya, ìbuwọ́lùwé rẹ wà digbí. Lábẹ́ ìdérí gíláàsì, òkúta aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo wo fọ́tò tí o yà lọ́jọ́ tí o dí i, kò sí nǹkan kan.

Mo pe Ọ̀gá. Ó wò ó títí, nínú aṣọ funfun tó ń bo gbogbo ara wa àfi ojú. Ó ní, "Kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ. Bóyá ó ṣí i, tí eruku inú àwo kejì kó sí i, tó tún un dí." Bí o bá jẹ́wọ́, orúkọ rẹ á bàjẹ́ díẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ayé Ọ̀gá ti wó lulẹ̀ nìyẹn.

Jọ̀ọ́, ṣé o ṣí i? Inú kò ní bí mi. Ọpẹ́ ni mo máa dá.

Nítorí mo ti fọ àwo tuntun kan, mo dí i, mo gbé e wálé, níbi tí eruku ìràwọ̀ wa kò dé rí, kí n lè mọ̀ bóyá òkúta á tún yọ nínú rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mo fi aṣọ bò ó, mi ò tíì wò ó. Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ tí nǹkan ró nínú rẹ̀, bí ìgbà tí iyọ̀ bá bọ́ sórí àwo.

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá màmá. Bí o bá ṣí i, tètè kọ ọ́ síwèé, màá ju tilé yìí nù láìwò ó. Bí o kò bá ṣí i, má wulẹ̀ kọ̀wé. Ńṣe ni kí o wá. Mi ò lè dá aṣọ náà ká kúrò.

Èmi ni, tìrẹ bí àtẹ̀yìnwá,
Ojú Ológbò.