Àwọn Mẹ́rin Tó Wà Lábẹ́ Mi

Màámi,

Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara tèmi le koko, ẹ má fòyà. Mo kàn ní kí n kọ̀wé sí yín ni.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń sọ àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé di ọ̀gá àgbà. Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ mi, mo kọ mẹ́rin. Irọ́ kọ́ o! Ìsinmi ni wọ́n wà. Àwọn aláṣẹ ló ní kí wọ́n lọ sinmi, ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Èmi náà ni mo ń to ìwé, èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń bẹ àwọn aláriwo pé kí wọ́n panu mọ́. Ó ń jẹ́ kí ara mi yá gágá.

Àwọn tó ń yan èèyàn fún ẹ̀kọ́ náà ní àwọn ń bọ̀ lọ́la, àwọn fẹ́ bá àwọn mẹ́rin náà sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún fún mi. Ife tíì wọn ni mo fẹ́ lọ fọ̀ báyìí. Màá gbé e sórí tábìlì kálukú, kó lè dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún wọn pé kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ilé ìkàwé ti wà lọ́wọ́ èmi nìkan. Inú wọn á dùn.