Ẹni Tó Gbé Súwẹ́tà Mi

Orest, ọkọ mi àtàtà,

Má tan ẹ̀rọ amúlégbóná o! Ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí ti pa gáàsì. Ó ní páìpù tí ẹ̀rọ náà fi ń mí ti dí, èéfín olóró wá ń padà sínú ilé. Òun ló ń fọ́ wa lórí láràárọ̀, tí o ní ọbẹ̀ mi ni.

Ó tọwọ́ bọ páìpù, ó fa súwẹ́tà tí màmá mi hun fún mi jáde, èyí tí o búra pé ajá ló gbé e lọ!

"Màdáámù, ẹ má bínú," ló wí, "àwọn ọkọ ìlú òtútù Winnipeg yìí máa ń fi aṣọ dí páìpù kí atẹ́gùn tútù má baà wọlé."

Má ti fèrèsé tí mo ṣí. Èmi àti ajá wà nílé màmá. Tí o bá ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀, ajá ni kí o kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún.

Verna