Ike Ọkọ̀ Àlàájì Lára Ògiri Mọ̀dínátù

                                        Ilé Àlàájì Onígẹdú,
                                        Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn,
                                        Ìkọ̀tún,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kìíní, 1977.

Hàbíbátù, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kírun láìjókòó? Bàbá Táyéwò ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù ọyẹ́ ò yọ wọ́n lẹ́nu? Mo gbọ́ pé Ìbíyẹmí ti bí obìnrin, Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Èmi náà wà, ara ń le, àfi inú tó ń bí mi. Òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Ṣàfíù ọmọ mi ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa kọ, mo ní rárá. Ìwé tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àgbà kò tíì run lórí mi. Ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó gbọ́.

Ṣé o rántí ọkọ̀ Àlàájì, ọkọ mi? Báwo lo ṣe máa gbàgbé ẹ̀ ná. Mẹ̀sídíìsì funfun yẹn, tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Òun la fi sìn ọ́ lọ sí Ìbàdàn nígbà tí o kó lọ, tí gèlè rẹ fò lọ ní Ṣàgámù tí a ò rí i mọ́. Nígbà tí Àlàájì kú, tí ẹbí pín ẹrù ní ìdí-igi, ìdí tèmi ni ọkọ̀ náà bọ́ sí. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ kejì kó ẹrù inú yàrá. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti jẹ ike inú rẹ̀. Ti ara ìlẹ̀kùn là, ti iwájú níbi àwọn aago ká kò bí awọ gbígbẹ. Iléyá tó ṣíwájú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní yídì, ike ìlẹ̀kùn kọ́ léèsì mi, ó fà á ya dé ìbàdí lójú gbogbo èèyàn. Àsìkò yẹn gan-an ni Mọ̀dínátù ń bọ́ sílẹ̀ nínú Píjò ọlọ́yẹ́, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ òtútù nínú rẹ̀, èyí tí Múdàṣírù ọmọ rẹ̀ fi àjẹsílẹ̀ owó oṣù Údójì rà. Òógùn kan ò sí lójú ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ìyáálé mi, bí ẹ bá ń padà, ẹ bá wa lọ. Àyè wà lẹ́yìn.”

Àyè wà lẹ́yìn, èmi Àdíját ló ń sọ ọ́ fún. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé. Mo sì búra pé bí Iléyá bá tún dé, ọkọ̀ mi á dé yídì pẹ̀lú ike tuntun, léèsì mi ò ní ya, mi ò sì ní wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Ṣàfíù dé Mùṣín, a dé Ìdúmọ̀tà. Ike ọkọ̀ tuntun pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, ti ọkọ̀ tiwa ni kò sí. Èyí tí a tiẹ̀ rí, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì ni wọ́n ṣe é fún. O mọ̀ pé a ti ra tiwa kí ìjọba tó ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ni sítíárìn tirẹ̀ wà. Bí a bá gbé ike tiwọn lé e, ihò aago á bọ́ síwájú èmi tí mi ò wa ọkọ̀. Káfíńtà kan ní Egan ní òun á fi pákó ṣe é, mo bi í bóyá àga ló pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi irin gbígbóná lẹ báàfù tó là wá gbìyànjú, ó já ike bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa lẹ ara ìlẹ̀kùn mi, ó dà bí ojú egbò. Mo lé e dé ìkángun àdúgbò.

Ìgbà tí a padà sí Ìdúmọ̀tà ni bàbá kan tó ń ta páàtì ọkọ̀, Ṣóbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, wo ọkọ̀ náà títí, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní nígbà tó kù díẹ̀ kí Àlàájì kú, Àlàájì fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun kó odindi ike inú rẹ̀ wá láti òkè òkun, òun Ṣóbọ̀wálé gan-an ló gbé páálí náà sí bùùtù fún un. Mo rántí páálí náà. Lọ́jọ́ ìpín-ẹrù, okùn wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tú u. Ọláoyè, olórí ẹbí, ní abọ́ tánganran ni á wà níbẹ̀, pé ọkọ̀ ti lọ sí ìdí tèmi, kí páálí lọ sí ìdí Mọ̀dínátù. Èmi náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí ìdí méjì lójú wa, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mi ò lọ o. Ṣàfíù ni mo rán sí Ìgàndó níbi tí Mọ̀dínátù ń gbé. Mọ̀dínátù ní kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní láéláé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so àgbò mọ́ ojúde kiri, mo wọ bàtà, mo lọ.

Bí mo ṣe wọ pálọ̀ rẹ̀, ike ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mi ni mo rí lára ògiri. Ó fi ìṣó kàn án sábẹ́ fọ́tò Àlàájì, ó fi tẹ̀sùbáà kọ́ ibi ìgbọ́wọ́lé rẹ̀. Ti iwájú wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ funfun ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Eruku kan ò sí lára wọn. Mo bi í pé kí ló ń fi ike ọkọ̀ ṣe lára ògiri.

Kò bínú. Ó ní, “Ìyáálé mi, ohun tí mo ní nínú ọkọ̀ yẹn nìyẹn. Ní gbogbo ayé Àlàájì, ẹ̀yin lẹ jókòó síwájú. Èmi ni mo wà lẹ́yìn tí atẹ́gùn ń fẹ́ iyanrìn sí lẹ́nu.”

Mo ní, “Píjò ọlọ́yẹ́ ńkọ́?”

Ó ní, “Ọmọ ló ni ìyẹn.”

Ó ní òun á tú gbogbo rẹ̀ fún mi, bí mo bá lè jẹ́ kí òun jókòó síwájú lọ sí yídì. Mo dìde, mo jáde. Mo dé etí títì, Píjò kan kọjá, gíláàsì rẹ̀ wà lókè pátá. Mo padà lọ bá a, mo ní ó dáa.

Hàbíbátù, ike yẹn bá ọkọ̀ mu bí eyín ṣe bá ẹnu mu. Lọ́jọ́ Iléyá a ká òrùlé sẹ́yìn, Ṣàfíù di sítíárìn mú, Mọ̀dínátù bọ́ síwájú, èmi bọ́ sẹ́yìn. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ wá ṣẹlẹ̀. Nítorí pé sítíárìn wa wà lọ́tùn-ún, ibi tí Mọ̀dínátù jókòó sí ni dírẹ́bà ọkọ̀ tòde òní ń jókòó sí. Gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà rò pé òun ló ń wa ọkọ̀. Wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Dírẹ́bà, òun náà ń juwọ́ padà bí ọlọ́lá. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, ta ló juwọ́ sí mi rí? Iyanrìn kún ẹnu mi. Mo fa ìborùn bojú kí wọ́n má rí ohun tó wà lójú mi. Ṣùgbọ́n mò ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó gbé e lé ike ìlẹ̀kùn, kò gbé e kúrò títí a fi dé yídì.

O ò tíì gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ìdérí àpótí kékeré tó wà níwájú èrò, níbi tí Àlàájì ń kó obì sí, Mọ̀dínátù kò mú un wá. Ó ní ó dìgbà Iléyá tó ń bọ̀. Ihò náà ń yanu sí mi lójoojúmọ́. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá, ó ní òun wá wò ó bóyá eruku ń wọ ibẹ̀. Á ṣílẹ̀kùn, á jókòó síwájú, bí ọkọ̀ ṣe dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mú ẹ̀pà bíbọ̀ dání. Mò ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò kí i kú ìnáwó rí.

Jọ̀ọ́, bá mi tọ ẹni tó ń tú ọkọ̀ àlòkù lẹ́bàá ilé yín lọ, kí o béèrè ìdérí náà. Ti ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún ni o. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo àgbọn, ojú kọ́kọ́rọ́ kékeré sì wà lára rẹ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Mi ò tún ní tọ Mọ̀dínátù lọ tọrọ ike láyé mi.

Bá mi kí Bàbá Táyéwò, kí o bá mi gbé ọmọ Ìbíyẹmí jó. Ṣàfíù ní kí n kí ọ.

Bí o bá rí ìdérí náà ṣá, fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, má tíì fi ránṣẹ́. Bí mo bá dí ihò yẹn, kí ni á máa wá wò lọ́jọ́ Jímọ̀? Má rò ó sí nǹkan mìíràn o. Múdàṣírù kì í sí nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá láti Ìgàndó nínú eruku ọyẹ́, pẹ̀lú gbogbo Píjò tí wọ́n ní. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí gèlè tirẹ̀ kò fò lọ rí,
                                        Àdíját, Ìyá Ṣàfíù,
                                        Ìyáálé ilé Onígẹdú.