Ewúrẹ́ Ni Mo Sọ Ọ́ Fún

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn, nítorí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ẹdẹ. Akọ̀wé kan ní ìdí rélùwéè ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kọ orúkọ mi... Èmi ni ìyálé nílé ọkọ mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi yan orogún mi lódì. Kí ló ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ń bèèrè ẹni tó bu omi ìkòkò mi tán, òun sì rẹ́rìn-ín, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà n ò pè é mọ́, bó bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ògiri ni mo ń wò. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ fún un, ewúrẹ́ tí a so mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń bá wí: ewúrẹ́, àwọn kan kì í gbálẹ̀, ewúrẹ́, ìwọ tilẹ̀ ń bímọ, o ò dà bí àwọn kan... Mo mọ ibi tó ń dùn ún, ibẹ̀ gan-an ni mo ń tẹ̀. Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn òjò ọjọ́ kan, mo rí i pé igi tí a fi ń rékọjá odò lọ sóko lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà ti jẹrà, díẹ̀ ló kù kó gbé mi ṣubú. Mo délé, mo bá orogún mi tó ń gbé agbọ̀n karí. Ó yẹ kí n wí fún un pé: Ìwọ, má gba ibẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ni? Ó dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì, mo kọjú sí ewúrẹ́, mo ní, "Ewúrẹ́, igi odò ti jẹrà o, ẹni tó bá gba ibẹ̀ á ṣubú." Orogún mi dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ. Igi ṣẹ́, itan rẹ̀ náà ṣẹ́, oṣù kẹrin rèé tí kò tíì dìde lórí ẹní.

Gbogbo agboolé ló ń gbè sẹ́yìn mi, wọ́n ní mo kìlọ̀, etí àwọn ló gbọ́ ọ. Òótọ́ ni... àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a kò bá èèyàn sọ, ṣé a ti sọ ọ́?

Lánàá mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo pè é lórúkọ. Kò wojú mi. Ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò, ó ní, "Ewúrẹ́, bá mi sọ fún ìyálé mi pé mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí lọ́jọ́ náà. Mo dúró, mo rò pé wọ́n á pè mí."

Inú bí mi. Èmi, ìyálé, tí mo rẹ ara mi sílẹ̀! Mo yíjú kúrò, n ò sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́... Iléyá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ọkọ wa sì ti ní ewúrẹ́ yẹn la máa pa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n padà lọ pè é? Bí kò bá dá mi lóhùn ńkọ́? Àbí kí n bẹ ọkọ wa kó dá ewúrẹ́ náà sí? Nítorí bí wọ́n bá pa á, ta la ó máa bá sọ̀rọ̀, èmi àti obìnrin yẹn?