Ẹsẹ̀ Tí Mi Ò Wò Dáadáa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti parí ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé-ìwé ní Àkúrẹ́, Bọ́sẹ̀ sì gba ipò kejì nínú eré fífò jìnnà. Ẹ ò mọ Bọ́sẹ̀. Ọmọ Fọ́ọ̀mù Tíríì ni, ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá níbí ní Ìdànrè. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìtìjú kan wà nínú ayọ̀ náà tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kò sí ẹni tó ń fò jù ú lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Á sáré bọ̀ bí ẹtu, tó bá wá ku díẹ̀ kó dé orí pákó tí wọ́n ti ń fò, eré rẹ̀ á kú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo ní ọ̀lẹ ni. Lọ́jọ́ kan mo nà án ní pàṣán mẹ́fà lójú gbogbo kíláàsì. Kò sunkún. Ó kàn padà síbi tí wọ́n ti ń gbéra, ó tún sáré wá, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ náà ni mo rántí yín lóko wa ní Atosin. Tí alágbàṣe tuntun bá dé, tó ń ṣá ara igi níbi tó yẹ kó ti gé ọrùn kòkó, ẹ kì í bú u. Ẹ ó káwọ́ sẹ́yìn, ẹ ó wò ó títí yóò fi ká bíi mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ó yí àdá náà díẹ̀, ó tán. Èmi máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n yín lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ kejì mo pa ẹnu mi mọ́. Mo fi réèkì tú ilẹ̀ ojú ọ̀nà eré náà kí ojú ẹsẹ̀ lè hàn lórí rẹ̀, mo ní kó sáré lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì fi okùn wọn àlàfo ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Gbogbo rẹ̀ ló gún, àfi mẹ́ta tó kẹ́yìn. Wọ́n kúrú, gìgísẹ̀ sì wọlẹ̀ jìn. Ẹni tó fẹ́ dúró ló ń tẹ ilẹ̀ báyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Mo jókòó tì í. "Bọ́sẹ̀, kí lo ń rí níwájú?"

Ó nawọ́ sí kòtò iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń fò bọ́ sí. "Òkúta wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn, sà. Ó ti gún mi rí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

A gbẹ́ kòtò náà. Òkúta mẹ́rin la bá níbẹ̀, ọ̀kan mú bí abẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú kíláàsì kan náà tí mo ti nà án. Ó fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. A fi iyẹ̀pẹ̀ odò kún kòtò náà, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí eré rẹ̀ fi padà.

Bàbá, láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ nípa yín. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé yín dè, tó sì gbà yín lọ́wọ́ wa, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ti ń wọ́ nílẹ̀. Sálúbàtà ọ̀tún ti jẹ tán nígbà tí tòsì ṣì dà bí tuntun. Mo rí i. Mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, ẹ ń ba bàtà jẹ́." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì gbé e sókè fún ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin. Èmi tí ẹ rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sáré! Ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ nígbà yẹn? Ṣé ẹ fi pamọ́ fún mi ni, àbí ẹ ń retí kí n bi yín?

Ní Sátidé tó kọjá, mo rí i pé Màmá ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé àwọn ti gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún bi wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó ká ìró sókè, tí mo rí orúnkún tó wú bí agbè. Ọsibítù là ń lọ lọ́la. Wọ́n ti fọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, ó ń gbẹ lórí okùn níta bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.