Iná Tí Mo Gbé Dé Abẹ́òkúta

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń bẹ̀rù lẹ́yìn ikú yín,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ọmọ yín obìnrin ni, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ tí ẹ kó wá sí Abẹ́òkúta. Ẹ lọ kí ẹ tó mọ̀ pé mo ń kọ́ ìwé. Ìyàwó tíṣà kan ló kọ́ mi, ó sì pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbà á. Mo ti rò ó pé tí mo bá mọ̀ ọ́n kọ tán, ọ̀rọ̀ dídùn ni mo máa kọ́kọ́ kọ sí yín. Ẹ dákun, inú ló ń bí mi.

Mo ti kúrò nílé yín n'Ígbẹ̀ìn. Ẹ rántí pé nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá kó èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì, tí ẹ fún wa ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. A kò tíì jẹ iṣu tuntun lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn yín tí àbúrò yín fi ní kí n kó jáde, òun fẹ́ fi ìyàwó tuntun síbẹ̀. Gbogbo agbo ilé pé jókòó, kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Ilémoṣú ni wọ́n ń pè mí báyìí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọkọ mi sílẹ̀. Ìyá kan tó ti Sàró dé ló fún mi ní yàrá nílé rẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùn.

Kí n kó ẹrù kò le. Ti Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àgbà, ló le. Kò ju bí mo ti tó lọ nígbà tí ẹ kó wa kúrò lábúlé. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé à ń lọ ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ní òwúrọ̀ tí a máa lọ, ó dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun á dúró de Bàbá Àgbà. Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Mo ti sọ fún un títí pé ẹ ò ní í padà wá, kò gbọ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tèmi? Ogun ti dé ẹ̀yìn oko, gbogbo ará abúlé ń di ẹrù, èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ké. Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá ọmọdé ṣeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ níwájú mi. Ẹ bu eérú sínú àpáàdì, ẹ mú ògúnná mẹ́ta nídìí ààrò ìyá mi, ẹ tò ó sórí eérú náà, ẹ sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní iná ilé wa nìyẹn, pé ibikíbi tí mo bá gbé e dé, ilé wa ló dé. Ṣùgbọ́n bó bá kú, ilé wa kú nìyẹn. Ẹkún mi dá lójú ẹsẹ̀. Mo dìde, mo tẹ̀ lé yín.

Mo ń ṣa igi wẹ́wẹ́ kún un lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, òjò pa wá nínú igbó. Mo fi ewé bò ó, mo fi ara mi bò ó, ó kú síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ wà níwájú pẹ̀lú ìbọn àti ẹrù, ẹ kò bojú wẹ̀yìn. Mo gbé eérú tútù fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí a dé abẹ́ àpáta tí àwọn èèyàn kóra jọ sí, mo yọ́ lọ bá obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń dáná, mo fọnná lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ ẹ, ó ràn. Ẹ pe gbogbo èèyàn wá wò ó. Láti ọjọ́ náà, iná yẹn kò kú nílé yín mọ́, àlejò kan kì í sì í wọlé kí ẹ má fi ìdí ààrò hàn án, kí ẹ wá nawọ́ sí mi. Kì í ṣe iná wa, Bàbá. Iná ẹni ẹlẹ́ni ni.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, Àlàó, àbúrò mi, wú ikọ́ títí ó fi kú. Gbogbo yín ní ikọ́ ló pa á. Èmi mọ̀ pé èmi ni. Mo ti jẹ́ kí ilé wa kú, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti orí Àlàó. Bí ọmọdé ṣe ń rò ó nìyẹn, n kò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún. Tí ẹ bá ti yìn mí lójú àlejò, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń lọ, mo máa ń bì.

Àgbàlagbà wo ni kò mọ̀ pé ògúnná mẹ́ta kò lè la igbó ọjọ́ márùn-ún já nígbà òjò, lọ́wọ́ ọmọdé? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ kàn fi ń tàn mí kí n lè gbé ẹsẹ̀? Bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ tí a sin Àlàó? Bí ẹ kò bá sì mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi gbé odindi ilé lé mi lọ́wọ́? N kò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Síbẹ̀, nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ di òpó mú, ohun tí ẹ ṣe gan-an ni mo ṣe. Mo bu eérú, mo fi ògúnná sí i, mo gbé e fún un, mo sì sọ ọ̀rọ̀ yín fún un. Ẹkún rẹ̀ dá, bí tèmi. À ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta, mo pọn àbúrò rẹ̀, ni mo bojú wẹ̀yìn. Èmi bojú wẹ̀yìn, Bàbá. Ògúnná rẹ̀ ti kú, ó ti fi ọwọ́ bo àpáàdì náà, ó ń wo èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ilé onílé. Mo mọ ojú yẹn.

Mo kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, mo gba àpáàdì náà, mo da eérú rẹ̀ nù. Mo sọ fún un pé iná máa ń kú, pé kíkú rẹ̀ kì í pa èèyàn, pé irọ́ ni mo pa fún un nílé. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sàró, Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ kí i, tó sì fọnná lójú gbogbo èèyàn. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń béèrè yín, ṣùgbọ́n ó ń jẹun.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà tí ẹ kú, èmi ni wọ́n ní kí n gbé omi tí wọ́n fi wẹ̀ yín kaná. Iná obìnrin abẹ́ àpáta yẹn ni mo gbé e kà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín sétí kí wọ́n tó fi aṣọ wé yín, àbúrò yín kò kúrò níbẹ̀. Omi náà gbóná dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
tí kò gbé iná yín dé, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.