Ara Àbúrò Mi Kò Gbóná

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ti fún mi ní àga onítìmùtìmù.

Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ wo bí ara àwọn òṣìṣẹ́ ṣe gbóná tó lẹ́nu géètì. Ọ̀gá wa fẹ́ dín èèyàn kù láìjẹ́wọ́ pé òun lé ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìwọ tó o kàwé ní póòlì, sọ fún gbogbo àwọn tó ń ru páálí pé ara wọn gbóná."

Nígbà tó kan àbúrò mi, tóun náà ń ru páálí níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ẹyin lé mi lórí, ká wò ó bóyá á jinná."

Ara rẹ̀ tutù. Síbẹ̀, mo ní ara rẹ̀ gbóná, kó máa lọ sílé, kí iṣẹ́ tèmi má baà bọ́.

Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé ife rẹ̀ ṣì wà lọ́tọ̀ di òní, torí ẹ rò pé ó kó àrùn náà. Màmá, ara mi ń rí mi lára. Orí ìdúró ni mo ti kọ lẹ́tà yìí; mi ò lè jókòó sórí àga náà mọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ fi ife tiyín bu omi fún àbúrò mi.

Èmi, àkọ́bí yín.